Ìgbín Òkun Kan, Orúkọ Mẹ́rin

Nílé ọ̀rẹ́ mi kan ní Kubwa, níbí ní Àbújá, ìkarahun ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n wọn. Ó tó orí ọmọ ọwọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí ṣágiṣàgi bí èèpo igi, ṣùgbọ́n inú ẹnu rẹ̀ ń dán, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí osùn tí wọ́n bomi là. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló mú un bọ̀ láti Bahamas. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí mo yà síbẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́, ọmọ wọn tó wà ní SS2 gbé fóònù jáde láti wá orúkọ rẹ̀. Ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì pè é ní Strombus gigas. Òmíràn ní Lobatus gigas. Ẹ̀kẹta ní Aliger gigas ló ń jẹ́. Ọmọ náà gbójú sókè, ó ní, "Dádì, àwọn onísáyẹ́ǹsì yìí gan-an ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe." Bàbá àgbà tó jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá ló dá a lóhùn: "Ìgbín ni. Ẹ gbé oúnjẹ wá."

A jẹun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju àríyànjiyàn pálọ̀ lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé ìgbín òkun yìí ti wọ àárín àwọn ẹ̀dá tí ewu ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé lórí. Aliger gigas ni wọ́n kọ sínú ìwé náà, wọ́n sì fi kún un pé Strombus gigas ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, láti 1992 ló ti wà nínú ìwé CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, tí Nàìjíríà náà ti fọwọ́ sí láti 1974. Strombus gigas ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ̀dá kan ṣoṣo, ìwé òfin méjì, orúkọ méjì. Ẹ ò rí i pé ọmọ yẹn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

Orúkọ sáyẹ́ǹsì máa ń ní apá méjì. Apá kìíní ni orúkọ ilé tí ẹ̀dá náà ti wá, apá kejì ni orúkọ àbísọ. Gigas, tó túmọ̀ sí òmìrán, ni orúkọ àbísọ tí Carl Linnaeus, ará Sweden, fún ìgbín yìí ní 1758, kò sì tí ì yẹ̀ títí dòní. Orúkọ ilé ló ń yí. Ẹni tó bá ti lo ọdún díẹ̀ ní Àbújá mọ irú wàhálà yìí dáadáa: obìnrin lọ́kọ, ó gba orúkọ ọkọ, NIN ń pè é ní ti ọkọ, BVN ń pè é ní ti bàbá, ẹni tó wà níwájú kọ̀ǹpútà sì ń sọ fún un pé èèyàn méjì ni. Èèyàn kan ni. Ìwé ni kò tí ì bá ara wọn mu.

Kódà sáyẹ́ǹsì ní irú ìkéde ìyípadà orúkọ tí à ń rí nínú ìwé ìròyìn, èyí tó máa ń sọ pé "èmi tí a mọ̀ sí báyìí tẹ́lẹ̀". Àkámọ́ ni tiwọn. Bí ẹ bá rí orúkọ Linnaeus àti ọdún 1758 láàárín àkámọ́ lẹ́yìn orúkọ ẹ̀dá kan, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Linnaeus ló sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ilé tó fi í sí kọ́ ló ń gbé mọ́.

Kí ló wá dé tó fi kó kúrò nílé? Ìkarahun ló fà á. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀ làwọn ará ìgbà náà fi ń ṣe iṣẹ́ wọn. Ìkarahun tó bá ti tẹ etí síta bí etí erin, Linnaeus á kó o sínú ilé Strombus. Báyìí ló ṣe kó ìgbín kan láti òkun Yúróòpù mọ́ wọn, èyí tí etí ìkarahun rẹ̀ la bí ẹsẹ̀ ẹyẹ òfú. Àjèjì pátápátá ni. Aporrhais ni wọ́n ń pè é lónìí, agboolé mìíràn ló sì ti wá. Ọ̀kan tún wà tí ìkarahun rẹ̀ gún ṣọnṣọ bí ọta ìbọn, tí kò tẹ etí rárá. Linnaeus jù ú sọ́dọ̀ àwọn Conus, àwọn ìgbín olóró. Ìbátan tòótọ́ nìyẹn, Terebellum lórúkọ rẹ̀. Ó mú àlejò wọlé, ó sì lé ọmọ ilé síta. N ò dá a lẹ́bi. Ìkarahun nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹran inú rẹ̀ ti jẹrà láti ojú òkun.

Bí ẹ bá rí i láàyè, ẹ ó rí ohun tí ìkarahun kò lè sọ tán. Agboolé Strombidae, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní kọ́ǹkì tòótọ́, ní ojú gidi, ẹyinjú mèremère lórí ọ̀pá gígùn méjì. Létí ìkarahun wọn, lápá ọ̀tún, kòtò kékeré kan wà tí ojú ọ̀tún máa ń gbà yọ wo ìta, bí ìyá arúgbó tó ń yọjú lójú fèrèsé. Kòtò yẹn ni ìlà ojú wọn. Ìdérí ẹnu ìkarahun wọn náà kì í ṣe ìdérí mọ́. Ó gùn, ó tẹ̀ bí dòjé. Wọ́n á gún un mọ́ yanrìn, wọ́n á sì fi ti ara wọn síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ làwa wí. Eléyìí kì í fà, ó ń fò. Koríko òkun àti èéhọ̀ ló ń jẹ, kì í pa ẹlòmíràn jẹ.

Etí tó tẹ̀ síta yẹn náà, àmì àgbà ni. Ọmọdé wọn kò ní in. Bí ìgbín náà ṣe ń dàgbà ni ìkarahun ń gùn sí i, títí tí yóò fi tó bí ọdún mẹ́rin. Nígbà náà ló máa dáwọ́ gígùn dúró, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí tẹ etí síta, tí etí náà á sì máa ki sí i lọ́dọọdún. Ó lè gbé tó ọdún 25, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ẹni tó bá ń fi gígùn ìkarahun mọ èyí tó ti gbó máa ń pa ọmọdé jẹ: èyí tó gùn tó ní etí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè má tí ì bímọ rí, èyí tó kúrú tí etí rẹ̀ ki bí bíríkì sì lè jẹ́ ìyá ńlá. Bí etí ṣe ki tó ló yẹ kí èèyàn wọ̀n.

Ibẹ̀ ni wàhálà òde òní ti bẹ̀rẹ̀. Ẹran rẹ̀ dùn, ó sì sún mọ́ èbúté. Ní Bahamas, wọ́n máa ń gé e ní tútù pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata, wọ́n á ta á létí òkun bí wọ́n ṣe ń ta súyà fún wa ní Wuse lálẹ́. Ìgbín yìí kò lè sáré, kò sì lè ránṣẹ́ sí ẹnì kejì. Akọ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ bá abo níbi tó wà. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Bahamas, tó jáde ní 2000, fi hàn pé níbi tí wọn kò bá ti tó 56 nínú hẹ́kítà kan, wọn ò rí akọ kankan tó ń gun abo. Ẹ rò ó wò: hẹ́kítà kan ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ìgbín lè wà nínú òkun, kí wọ́n sì ti parí síbẹ̀, torí pé wọn kò pàdé ara wọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń da ìtàn yìí rú ju Látìn lọ, òun náà ni "kọ́ǹkì" fúnra rẹ̀. Àwọn olówò ń lò ó fún ìgbín òkun èyíkéyìí tó bá ti tóbi. Èyí tí wọ́n ń fọn nínú tẹ́ḿpìlì ní Íńdíà, Turbinella pyrum ni, kì í ṣe ọmọ agboolé yìí. Èyí tí ìpínlẹ̀ Florida mú ní àmì wọn ní 1969, tí wọ́n ń pè ní kọ́ǹkì ẹṣin, apẹranjẹ ni. Ó máa ń jẹ àwọn ìgbín mìíràn. Èyí tó tóbi jù láyé, Syrinx aruanus ti Australia, tí ìkarahun rẹ̀ lè súnmọ́ mítà kan, òun náà kò bá wọn tan. Títóbi kì í ṣe ìbátan. Erin tóbi, àbùùbùtán tóbi, a ò torí ìyẹn pè wọ́n ní ọmọ ìyá.

Àwa náà ní ìpínsísọ̀rí tiwa. Ìyá mi kò jẹ́ fi ìpéré pe ìlákọ̀ṣe, kò sì jẹ́ fi ìṣáwùrú tó wá láti inú odò pe ìgbín tó wá láti inú igbó. Ṣùgbọ́n ibi tí nǹkan ń gbé àti ohun tí a ń fi í ṣe là ń wò, kì í ṣe ẹni tó bí i. Ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ sì ni ìbéèrè àwọn onímọ̀ yìí. Àwọn aládùúgbò wa tó ń sọ Haúsá ní ìhà ibí tilẹ̀ ń pe ìgbín ní dodon koɗi, orúkọ tí dodo, ìyẹn iwin lédè wọn, ti wọ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìyá tó ń ta ìgbín ní Karu fi ń sọ pé oníbàárà òun láti Kánò kì í fẹ́ fọwọ́ kan án.

Ìgbín òkun sì ti dé ìhà Àríwá yìí tipẹ́ kí ìkarahun Kubwa tó dé. Owó ẹyọ ni mò ń wí. Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, Ibn Battuta rí i tí wọ́n ń ná an ní Mali àti ní Gao, ó sì ti rí i tẹ́lẹ̀ ní erékùsù Maldives níbi tí wọ́n ti ń kó o jáde látinú òkun. Wuri ni Haúsá ń pe ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kuɗi, òun náà ló di orúkọ owó lẹ́nu wọn títí dòní. Owó ẹyọ náà ti yí orúkọ ilé padà: Cypraea moneta ni Linnaeus kọ, Monetaria moneta ló ń jẹ́ báyìí. Kò sí ẹni tó bínú. Bóyá torí pé kò sí nínú ìwé CITES ni.

Ìtàn tó dùn mí jù nínú gbogbo èyí, etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wa ló ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Michel Adanson gbé ní Senegal láti 1749 fún ọdún bí mélòó kan, ó sì tẹ ìwé lórí àwọn ìkarahun ibẹ̀ ní 1757. Kò fi Látìn da ara rẹ̀ láàmú. Èyí tí àwọn Wolof ń pè ní yet, yet ló kọ. Ó tún wo ẹran tó wà nínú ìkarahun, kò dúró lórí ìkarahun nìkan, èyí tí Linnaeus kò rí àyè ṣe. Ṣùgbọ́n òfin àgbáyé lórí orúkọ ẹranko ní ọdún 1758 ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ṣáájú rẹ̀, kò wọlé. Ọdún kan péré. Cymbium ni ìwé ń pe yet lónìí, ìgbín ńlá tó rí bí igbá, apẹranjẹ, tó ń tọ́jú ọmọ sínú ara títí wọ́n á fi lè dá rìn. Àwọn ará Senegal ò bìkítà nípa Cymbium. Wọ́n ń sá ẹran rẹ̀ sóòrùn lẹ́yìn tó bá ti kan díẹ̀, yéet ni wọ́n sì ń pè é síbẹ̀, wọ́n ń fi í se ìrẹsì ẹlẹ́ja bí a ṣe ń fi irú se ọbẹ̀. Òun náà, àwọn olówò ń kọ "kọ́ǹkì" sára rẹ̀. Kì í ṣe kọ́ǹkì.

Kọ́ǹkì tòótọ́ kan wà lójú omi wa ṣá, láti Senegal àti Cape Verde títí dé Angola. Òun náà ti jẹ orúkọ tó pọ̀: Strombus latus, Strombus bubonius, Persististrombus latus, kó tó wá di Thetystrombus latus.

Ohun tó fọ́ ilé Strombus gan-an ni DNA, àkọsílẹ̀ àjogúnbá tó wà nínú ara gbogbo ohun abẹ̀mí. Ní 2006, àwọn onímọ̀ kan tí Latiolais ṣáájú gbé àbájáde jáde lẹ́yìn tí wọ́n wo àbùdá Strombus tó lé ní 30 àti àwọn ìbátan wọn tí wọ́n ń pè ní Lambis, àwọn tí etí ìkarahun wọn yọ ìka gbọọrọ bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti ń fi Lambis sílé ọ̀tọ̀. DNA ní rárá: àárín àwọn Strombus gan-an ni Lambis ti hù jáde.

Ẹ jẹ́ kí n fi agboolé ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní Bàbá Àjàyí bí Táíwò, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú, tí gbogbo àwọn ọmọ wọn ń jẹ́ Àjàyí, àfi àwọn ọmọ Kẹ́hìndé nìkan tí ará àdúgbò ń pè lórúkọ mìíràn nítorí pé wọ́n ga. Lọ́jọ́ pínpín ogún, ṣé ẹ ó ní wọn kì í ṣe ọmọ Àjàyí? Òfin tí àwọn onímọ̀ ń tẹ̀lé báyìí kò ju ìyẹn lọ: ẹni tó bá wà nínú ilé gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ baba ńlá kan, kò sì gbọdọ̀ sí ọmọ baba ńlá náà tó wà lóde. Ọ̀nà méjì ló wà. Kí wọ́n pe Lambis wọlé, kí gbogbo wọn di Strombus, tàbí kí wọ́n pín ilé ńlá náà sí ọ̀pọ̀ ilé kéékèèké. Wọ́n yan pínpín. Àwọn díẹ̀ ló ṣẹ́kù sínú ilé Strombus, bíi Strombus pugilis. Ní tèmi, mo rò pé wọ́n ti ń pín in wẹ́wẹ́ jù. Ilé mìíràn wà tí ẹnì kan tàbí ẹni méjì péré ń gbé. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni olórí ẹbí.

Báyìí ni òmìrán wa ṣe di alárìnká. Àwọn kan kọ́kọ́ mú un lọ sí Eustrombus, ilé tí Wenz ti dá sílẹ̀ ní 1940 ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Ní 2008, Landau, Kronenberg àti Herbert kó o lọ sí Lobatus. Ní 2020, Maxwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìbátan tó sún mọ́ ọn jù ni ìgbín kan tó ń jẹ́ gallus, ìyẹn àkùkọ ní Látìn, kí àwọn méjèèjì máa gbé pọ̀. Ilé gallus ni Aliger, láti 1929. Níwọ̀n bí 1929 ti ṣáájú 1940, Aliger ló lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ, Eustrombus sì di òkú. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń jẹ orúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlejò ló tóbi jù.

DNA kò lè dé ibi gbogbo. Òkun ti wọ ìhà Sókótó rí, ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òkúta ẹfun Kalambaina tí wọ́n ń wà fi ṣe sìmẹ́ǹtì níbẹ̀ kún fún ìkarahun ẹran òkun. Kò sí ẹran nínú wọn, kò sí àbùdá, ìrínisí nìkan ló kù. Onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí òkúta kò ní ohun mìíràn ju kòtò létí ìkarahun lọ. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi tètè yí orúkọ. Ní Sípéènì àti Ítálì, nígbà tí wọ́n bá rí ìkarahun kọ́ǹkì Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wa nínú àpáta etíkun, wọ́n mọ̀ pé òkun ibẹ̀ gbóná ju tòní lọ ní nǹkan bí 125,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ìgbín náà rìn dé ọ̀dọ̀ wọn kí òtútù tó pa á tán níbẹ̀. Strombus bubonius ni púpọ̀ nínú wọn ṣì ń kọ.

Ẹ wá padà sí òfin. Ká ní òṣìṣẹ́ kan ní pápákọ̀ òfurufú rí páálí tí wọ́n kọ Lobatus gigas sí. Bí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá ní Strombus gigas nìkan, tí kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ọ̀kan náà ni, páálí náà á kọjá. Ìdí nìyẹn tí ìwé Amẹ́ríkà fi kọ orúkọ tuntun tó tún kọ ti àtijọ́ mọ́ ọn. Ìkéde wọn kò fòfin de ríra ẹran náà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ló ń rà á jù, ohun tí wọ́n bá sì kọ sínú ìwé wọn máa ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo olówò. Níbí, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òfin àyíká, ló ń ṣọ́ irú òwò bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà sì ti ní òfin lórí rẹ̀ láti 1985. Eyín erin ló sábà máa ń gba ojú ìwé ìròyìn, ìgbín òkun kì í sí níbẹ̀.

Arìnrìn-àjò tó bá ra ìkarahun yìí fún ara rẹ̀ ní àyè díẹ̀. Lábẹ́ CITES, ẹnì kan lè mú tó mẹ́ta dání nínú ẹrù rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ, bí kì í bá ṣe fún títà, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè mú òfin tirẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ èyí fún wọn ní Kubwa lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n yẹn ń bọ̀ ní Kérésìmesì, ó sì ti ṣèlérí pé òun máa kó mẹ́fà wá, kí ilé kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí lè ní ọ̀kan. Ọmọ náà ti fi WhatsApp ránṣẹ́ sí i pé: "Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Mẹ́ta ni o. Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá béèrè, ẹ sọ orúkọ méjèèjì."